Ewé Tí Joaquim Gbìn Sí Ẹ̀yìnkùlé

Ewé náà kò ní orúkọ nínú ilé wọn. Ewé Bọ̀dá ni wọ́n ń pè é, nítorí Bọ̀dá Joaquim ni ó gbìn ín. Kì í ga. Òjò ìbáà rọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, kì í ga ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Ilẹ̀ ni ó máa ń fà mọ́. Oríkèé rẹ̀ tí ó bá ti kan iyẹ̀pẹ̀, gbòǹgbò ni yóò ta níbẹ̀, yóò sì gba ibẹ̀ lọ síwájú. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe tẹ́ ẹ̀yìnkùlé bí ẹní, láti ògiri dé ògiri. Ẹ̀ẹ̀rùn kò rí i pa. Ọyẹ́ kò lè mú un gbẹ. Ìgbàkígbà tí ènìyàn bá débẹ̀, òdòdó wẹ́wẹ́ yóò wà lórí rẹ̀ tí ó pọ́n bí ìyeyè.

Ilé náà wà ní Pópó Àgùdà, l'Ékòó. Bàbá bàbá wọn ni ó kọ́ ọ nígbà tí ó ti Bàháyà, lókè òkun, dé. Joaquim ń gbé òkè. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Iṣẹ́ akọ̀wé ìjọba ni ó ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Monica, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ń gbé ìsàlẹ̀. Fọlákẹ́, ọmọ Anthony àbúrò wọn tí ó ti kú, ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Òun ni ó ń tọ́jú ilé, nítorí òun ni ó lókun.

Fọlákẹ́ ni ó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Joaquim jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, ife tíì lọ́wọ́ rẹ̀. Monica wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Dádì, ejò ni mo bá nílé ìdáná. Lẹ́yìn gáàsì."

"Ó tóbi?" ni Joaquim béèrè.

"Ṣé ó dìgbà tó bá tóbi kó tó di ejò ni? Ejò ni!"

Monica rẹ́rìn-ín. "Bóyá aláǹgbá ni. Bí baba rẹ náà ṣe ń ṣojo nìyẹn. Èkúté á wọlé, Anthony á gun àga."

"Aláǹgbá tí kò lẹ́sẹ̀ ni mo rí nígbà náà, Àǹtí mi. Ẹ máa fi mí ṣẹ̀sín. Ọjọ́ tó bá wọ yàrá yín, ẹ ó pè mí."

"N kò ní pè ọ́. Jésù ni màá pè."

"Ẹ pe àwa méjèèjì." Fọlákẹ́ na ọwọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. "Ewé Dádì yìí ló ń gbà wọ́n sílé. Ẹ̀fọn wà níbẹ̀. Eku wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó ní ṣé kò sẹ́ni tó ń gbé ilé yìí mọ́ ni, tí igbó fi hù lẹ́yìn rẹ̀? Ojú tì mí. Mo ti bá àwọn tó ń tẹ́ òkúta íńtálọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀. Wọ́n ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọn á hú gbogbo rẹ̀, wọn á da yanrìn sí i, wọn á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ."

"Rárá," ni Joaquim wí.

"Ẹ̀yin náà á gbádùn ẹ̀, Dádì. Àwọn ọmọ á ríbi gbá bọ́ọ̀lù."

"Mo ní rárá."

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí ọmọ túnlé ṣe," ni Monica wí. Kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára ẹ̀wà. "Ewé náà ti pọ̀ jù. Bí màmá wa bá jí, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mú àdá. Màmá tí kì í jẹ́ kí koríko kan ṣoṣo hù nílẹ̀ yìí."

"Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án!"

Ariwo ni ó pa. Fọlákẹ́ sún sẹ́yìn. Láti ìgbà tí ó ti dáyé, kò gbọ́ ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọkùnrin náà rí. Joaquim ti dìde, tíì ti dànù sí i láṣọ, kò sì mọ̀.

Monica gbé àwo ẹ̀wà kúrò lórí itan rẹ̀. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo ẹ̀yìnkùlé, ó wò ó pẹ́, bí ẹni tí kò rí i rí.

"Bọ̀dá."

Joaquim ń wo ilẹ̀.

"Bọ̀dá Joaquim, ta ló wà níbẹ̀?"

Joaquim fẹ́ sọ pé kò sẹ́nì kankan.

"Adùnọlá ni," ni Monica wí. Kò bi í léèrè. Ó sọ ọ́ ni.

Ó lé ní ogójì ọdún tí ẹnikẹ́ni kò ti pe orúkọ náà nínú ilé yẹn. Fọlákẹ́ kò gbọ́ ọ rí. Ó wo Àǹtí rẹ̀, ó wo Dádì rẹ̀, ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju ejò lọ.

Adùnọlá ni ọmọ kan ṣoṣo tí Monica bí. Èèyí ni ó pa á, kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Ilé yìí ni Monica gbé e wá fún ìtọ́jú, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ìdájí. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀nà itẹ́ òkú Ìkòyí kò ṣe é gbà. Àbúrò bàbá wọn, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Christian, ni olórí ẹbí nígbà náà. Ó ní òkú ọmọdé kì í sùn nílé. Àwọn obìnrin mú Monica wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, wọ́n jókòó yí i ká. Bàbá Christian àti Joaquim gbé pósí kékeré náà gba ẹ̀yìn. Joaquim ni ó gbẹ́ ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, Bàbá Christian fọ ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "O kò rí nǹkan kan. A kì í fi ibojì ọmọ han ìyá. Bí ó bá mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ni yóò máa sùn, inú rẹ̀ kò sì ní ṣí fún òmíràn."

Bẹ́ẹ̀ ni àṣà. Gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n. Monica náà mọ̀ ọ́n, kò béèrè. Ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé Ìkòyí ni wọ́n gbé ọmọ lọ. Nígbàkígbà tí ó bá gba iwájú itẹ́ òkú ibẹ̀ kọjá, yóò ṣe àmì àgbélébùú, yóò sì gbé ojú sí ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n Joaquim kò lè fi ibẹ̀ sílẹ̀ lásán. Òkúta yóò sọ̀rọ̀. Àgbélébùú yóò sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ ohun tí yóò mọ ibẹ̀, tí kò sì ní sọ. Ní Ìkòyí, níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́, gádínà kan ń gbin ewé kan sí ẹsẹ̀ ògiri, ewé tí ó ń fà nílẹ̀, tí ó lódòdó bí ìyeyè. Joaquim tọrọ ẹ̀ka díẹ̀. Gádínà náà wé e sínú bébà, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣọ́ ọ o. Kì í jókòó síbi tí wọ́n bá fi í sí." Joaquim dúpẹ́, ó gbé e lọ sílé. Ohun tó gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé kò ní kú.

Kò kú. Ní ọdún kìíní, kò tóbi ju ẹní ọmọdé lọ. Joaquim a sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ kí ó tó lọ síbi iṣẹ́, a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a gbàdúrà kúkúrú. Monica, tí ó wá sùn nílé, rí i lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bọ̀dá ti di òyìnbó. Òdòdó ló ń kí láàárọ̀." Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí ó rín lẹ́yìn ikú ọmọ rẹ̀ nìyẹn, orí ibojì ọmọ náà ni ó sì rín in sí. Joaquim rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Kí ni ì bá ṣe?

Ewé náà ń tàn. Inú Joaquim ń dùn sí i. Bí ó ti ń tàn ni ó ń rò pé òun ń ṣe dáadáa fún ọmọ náà. Kò gé e. Nígbà tí ìyá wọn fẹ́ hú u, ó bẹ̀ ẹ́. Igi àgbálùmọ̀ tí ó wà nítòsí ibẹ̀ wó nínú ìjì, kò kà á sí. Ògiri ilé ìdáná àtijọ́ ya lulẹ̀, wọ́n kọ́ òmíràn síwájú, kò kà á sí. Ewé ṣáà wà níbẹ̀.

Monica kò bí ọmọ mìíràn. Ọkọ rẹ̀ dúró dè é títí, lẹ́yìn náà ó bá tirẹ̀ lọ. Ó padà sílé bàbá rẹ̀.

Ìgbà tí ìyá wọn kú ni ó béèrè. Àwọn àlejò ìsìnkú ti lọ, àwọn méjèèjì nìkan ló kù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, mo ti dàgbà. Kò sí ọmọ mìíràn níwájú mi tí ẹ lè torí rẹ̀ pa á mọ́ fún mi. Ibo ni ẹ sin ọmọ mi sí?"

Lọ́jọ́ náà, Joaquim mọ̀ ọ́n. Ewé ti bo ibi púpọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n kàǹga ẹ̀yìnkùlé ṣì wà. Bí ó bá dúró ti kàǹga, tí ó kọjú sí ògiri aládùúgbò, ó lè fi ìka tọ́ka sí i. Ẹ̀yìn Monica ni ibẹ̀ wà bí ó ti jókòó yẹn. Bí ó bá yíjú padà, ojú rẹ̀ ì bá bọ́ sórí rẹ̀.

Joaquim ní, "A kì í sọ ọ́, Monica."

"Ta ni kì í sọ ọ́? Bàbá Christian ti kú. Màmá ti kú."

"Bí a ti bá a la ó fi í sílẹ̀."

Monica ní, "Ó dáa." Kò béèrè mọ́.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, omi kàǹga ti di oníyọ̀, wọ́n dí i. Joaquim wà níbẹ̀. Ó ń wo àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ti ń da yanrìn sínú rẹ̀. Ó tilẹ̀ sọ fún wọn pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáadáa kí ilẹ̀ má baà rì. Kò wá sí i lọ́kàn pé kàǹga náà ni òun fi ń mọ ibẹ̀. Láàárín oṣù díẹ̀, ewé gun orí ibẹ̀, ibi gbogbo rí bákan náà.

Lẹ́yìn ọ̀sán ọjọ́ ejò yẹn, ọjọ́ mélòó kan kọjá. Monica kò sunkún. Ó lọ bá fadá. Ó lọ sọ́dọ̀ káfíńtà ní òpópónà kejì, ó ní kí ó ṣe pósí kékeré kan fún òun. Ó wá gun òkè lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èémí rẹ̀ ń já, nítorí kì í sábà gun àtẹ̀gùn mọ́.

"Mo fẹ́ kí wọ́n gbé Adùnọlá lọ sí Ìkòyí, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì Màmá. Fadá ti gbà. Àwọn ọkùnrin méjì ń bọ̀ lọ́la láti gbẹ́ ilẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa fi ibẹ̀ hàn wọ́n."

"Monica."

"Bọ̀dá, n kò bá yín jà. Ẹ ṣe ohun tí wọ́n ní kí ẹ ṣe. Ẹ ṣáà fi hàn mí báyìí. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n kí n tó kú."

Ibẹ̀ ni ó yẹ kí Joaquim ti sọ òtítọ́. Ó rí ojú rẹ̀ bí ó ti mọ́lẹ̀, ojú tí ó ti gbàgbé pé Monica ní. Ó ní, "Ó dáa." Ó ń rò pé bí òun bá dúró lórí ilẹ̀, ẹsẹ̀ òun yóò rántí.

Jímọ̀ àti Àrẹ̀mú ni orúkọ àwọn tí ó wá gbẹ́ ilẹ̀. Iṣẹ́ sàréè ni wọ́n ń ṣe. Jímọ̀ lẹ́nu.

"Bàbá, ilẹ̀ yín ti wọṣọ jù. Ẹ wo ewé! Bí ẹni tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?"

Joaquim dúró lórí ewé. Ó wo ibi tí kàǹga wà tẹ́lẹ̀. Kò rí i. Ó wo ògiri aládùúgbò. Wọ́n ti tún un mọ, ó ti ga, kò sí àmì kan lára rẹ̀ tí ó mọ̀. Ó rìn síwájú, ó rìn sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò rántí nǹkan kan. Monica jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, pósí kékeré wà lórí itan rẹ̀, ó fi aṣọ funfun bò ó. Fọlákẹ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Joaquim fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀. "Ibí."

Wọ́n ká ewé kúrò. Ó ká sókè lódindi bí ẹní nítòótọ́, gbòǹgbò rẹ̀ funfun nísàlẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀. Yanrìn ni, ìkarahun, àfọ́kù àwo òyìnbó. Lẹ́yìn náà omi sun wá. Ilẹ̀ Èkó kò jìnnà sí omi.

"Bàbá, ṣé ibí ni lóòótọ́?"

"Ẹ sún díẹ̀. Síhìn-ín."

Wọ́n gbẹ́ ibẹ̀. Yanrìn, ìkarahun, omi. Joaquim tún tọ́ka. Àrẹ̀mú wo Jímọ̀. Jímọ̀ kò ṣàwàdà mọ́. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ihò ti wà káàkiri ẹ̀yìnkùlé, ewé tí wọ́n ká sì wà lókìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú òdòdó rẹ̀. Jímọ̀ jáde kúrò nínú ihò, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó lọ bá Monica, ó tẹríba díẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Ọmọdé ni. Egungun rẹ̀ rọ̀. Nínú omi yìí, pákó ti jẹrà, òun náà… Ó lè jẹ́ pé a ti gbẹ́ ibẹ̀ kọjá tá ò mọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé a ò tíì débẹ̀."

Monica dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó dúró láàárín àwọn ihò.

"Bọ̀dá, ibo ni?"

"N kò mọ̀ mọ́."

"Ẹ ò mọ̀ mọ́."

"Ewé náà ni mo fi sàmì. Ó tàn ju bí mo ṣe rò lọ."

Monica mi orí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìgbà tí mo bi yín léèrè, nígbà ìsìnkú Màmá. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ yẹn?"

Irọ́ kan wà tí ì bá ṣàánú àwọn méjèèjì. Joaquim rí i níwájú rẹ̀. Kò mú un.

"Mo mọ̀ ọ́n."

Fọlákẹ́ bo ẹnu rẹ̀.

"Àwọn àgbà ni wọ́n ní…" ni Joaquim bẹ̀rẹ̀.

"Wọ́n ní kí n má mọ̀ ọ́n kí n lè bí òmíràn," ni Monica wí. Kò gbé ohùn sókè. "Ṣé mo bí òmíràn, Bọ̀dá?"

Fọlákẹ́ tẹríba, ó sọ̀rọ̀ sí Monica létí. "Àǹtí mi, tí a bá bu iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ ńkọ́? Níbi gbogbo tí wọ́n gbẹ́. Ká bù ú sínú pósí. Fadá á gbàdúrà sí i."

"Iyẹ̀pẹ̀ kọ́ ni mo bí."

Ó gbé pósí náà lé Jímọ̀ lọ́wọ́. "Ẹ máa gbé e lọ. Ẹnì kan á nílò rẹ̀."

Jímọ̀ gbé e sílẹ̀, ó gbọn orí. "Ẹ dákun, Màmá. N kò lè gbé e jáde lófìfo báyìí. Òru òní ni màá máa rò ó."

Pósí náà wà nílẹ̀ láàárín wọn. Joaquim ni ó gbé e. Ó gun àtẹ̀gùn, ó ń sinmi bí ó ti ń lọ, ó sì fi í sábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Nígbà tí ó padà sísàlẹ̀, wọ́n ti ń dí àwọn ihò.

Fọlákẹ́ pe àwọn oní-íńtálọ́ọ̀kì, ó ní kí wọ́n má wá mọ́. Ó kìlọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n má gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ó rò pé ìyẹn tó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Joaquim jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilé ìdáná wà ní òdìkejì ẹ̀yìnkùlé. Ó rí Monica tí ó jáde nínú yàrá pẹ̀lú ìkòkò kékeré lọ́wọ́. Ó dé ibi tí sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ parí. Ó dúró. Ó wo ilẹ̀. Ó yí padà, ó gba inú ilé lọ sí iwájú, ó jáde sí títì. Ó pẹ́ kí ó tó yọ ní géètì ẹ̀gbẹ́ tí ó kan ilé ìdáná, ìkòkò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe ní ọ̀sán. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí òjò ń ṣẹ́. Àwọn ará àdúgbò ń kí i ní títì. "Màmá, ṣé kò sí o?" Monica a ní kò sí.

Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹta, Joaquim kò lè wò ó mọ́.

"Monica, gba ibí kọjá. Ẹsẹ̀ rẹ ń dùn ọ́."

Ó dúró ní etí sìmẹ́ńtì, ó gbé ojú wò ó. Kò bínú. Ì bá sàn kí ó bínú.

"Ibo ni kí n gbé ẹsẹ̀ lé, Bọ̀dá?"

Monica yí padà, ó gba inú ilé lọ.

Joaquim wo ilẹ̀ tí ó wà níwájú rẹ̀, ibi tí wọ́n gbẹ́ àti ibi tí wọn kò gbẹ́. Ó wá ọ̀pá rẹ̀. Ó dìde, ó gba inú ilé jáde sí títì, ó tẹ̀lé àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn.